Fídíò kóríyá fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́: kí la máa ṣe tí kò fi ní parí sí ìpàtẹ́wọ́?

Ṣọ́ọ̀kìFunfun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ètò kan wà nílẹ̀ láti máa fi fídíò kóríyá kékeré han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ká sì máa fi òmíràn bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àwọn olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ 45 ló wà ní kíláàsì kan, ọmọ ọdún 12 sí 15. Laptop kan wà, projector kan wà, íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ohun tó ń kọni lóminú ni pé irú fídíò báyìí dà bí iná pápá. Á jó fòò, wọ́n á pàtẹ́wọ́, omijé á bọ́ lójú ẹlòmíràn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń mú wá ò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló yẹ ká máa wò ká tó yan fídíò? Kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Ṣé bákan náà ni ti àwọn olùkọ́ ṣe máa rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ẹ wá èyí tó dùn". Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

---

Akọ́niNíṣirò:
Ẹ kú àárọ̀. Fídíò fúnra rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá tẹ̀ lé e ló ń ṣiṣẹ́. Ara ọmọ tó ń wo ẹni tó borí ìṣòro á yá gágá, ṣùgbọ́n ó lè máa jẹ adùn àṣeyọrí yẹn bíi pé òun náà ti ṣe tirẹ̀ tán. Gabriele Oettingen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ará Jámánì, ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé ẹni tó kàn ń fọkàn yàwòrán ọjọ́ iwájú tó dùn, tí kò ro ìdènà tó wà lọ́nà mọ́ ọn, kì í sábà sapá tó ẹni tó ro méjèèjì pọ̀. Bí fídíò bá parí báyìí tẹ́ ẹ ní "ó dáa, ẹ ṣí ìwé yín", ẹ ti da omi síná náà nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 12 péré ni mo máa ní kẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀. Kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó. Kì í ṣe "kí lẹ rí kọ́?" o, torí ìdáhùn tí wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa fún yín. Ẹ bi wọ́n pé: "Níbo ni nǹkan ti kọ́kọ́ yíwọ́ fún ẹni yìí, kí ló sì yí padà nínú bó ṣe ń ṣe é?" Kí fídíò náà wà láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 4. Bó bá ti parí, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan: kálukú á kọ gbólóhùn méjì sínú ìwé. Ẹ má fo ìdákẹ́jẹ́ yẹn, torí bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fi ariwo dáhùn, àwọn tó kù ò ní ronú mọ́. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì láti sọ ohun tí wọ́n kọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ló kàn: iṣẹ́ kékeré kan nínú ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ lọ́wọ́, tó ṣeé parí ní ìṣẹ́jú 5, tó le díẹ̀ ju èyí tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Bó bá jẹ́ ìṣirò ìdá ni, ẹ mú èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kùnà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ sì kọ ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó bá ṣe é yọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná ti rí ẹ̀rí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá le jù tó fi kùnà, ó burú ju kẹ́ ẹ má fi fídíò hàn án rárá lọ, torí yóò máa rò pé àwọn inú fídíò ló wà fún, kì í ṣe òun.

Ìparí rẹ̀ ni gbólóhùn "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún". Peter Gollwitzer ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1999 pé ète tó bá ní àkókò àti ibi nínú máa ń di ṣíṣe ju ète lásán lọ. "Màá tẹra mọ́ṣẹ́" ò já mọ́ nǹkan kan. "Bí mo bá ti bọ́ aṣọ ilé-ìwé tán, màá ṣe ìbéèrè mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan fóònù" dáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, níbi tójú wọn á ti máa tó o.

---

Ojúlarí:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹni tó wà nínú fídíò ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe rò lọ. Albert Bandura kọ̀wé lọ́dún 1977 pé ọ̀nà mẹ́rin lèèyàn fi ń gbà pé òun lè ṣe nǹkan: kó ti ṣe irú rẹ̀ yọrí rí, kó rí ẹlòmíràn tó ṣe é, kí wọ́n fọ̀rọ̀ ẹnu gbà á níyànjú, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe lásìkò náà, bóyá àyà ń já a tàbí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí ló lágbára jù, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 tí Akọ́niNíṣirò sọ fi bọ́gbọ́n mu. Ipò kejì ni fídíò wà, kò sì ní lágbára níbẹ̀ àfi bí ọmọ náà bá lè sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé "bíi tèmi lẹni yìí".

Dale Schunk gba ibẹ̀ lọ síwájú. Awòkọ́ṣe tó ń ṣe gbogbo nǹkan láìṣàṣìṣe kì í sábà ran ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára lọ́wọ́ tó èyí tó kọ́kọ́ ń táràrà, tó sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ jáde, tó wá ń já fáfá díẹ̀díẹ̀. Penelope Lockwood àti Ziva Kunda náà rí i lọ́dún 1997 pé ìràwọ̀ tí àṣeyọrí rẹ̀ dà bí ohun tọ́wọ́ lè tó máa ń gbéni sókè, àmọ́ èyí tọ́wọ́ ò lè tó lè mú kéèyàn máa fojú kéré ara rẹ̀.

Èyí tó bá kíláàsì mu jù ni ti Xiaodong Lin-Siegler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2016, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 402 ní New York. Kíkà ni wọ́n kà, kì í ṣe fídíò. Àwọn kan ka ìtàn bí Einstein, Marie Curie àti Faraday, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ńláńlá, ṣe jìjàkadì. Àwọn kan ka ìtàn àṣeyọrí wọn nìkan. Máàkì sáyẹ́ǹsì àwọn tó ka ìtàn ìjàkadì sunwọ̀n sí i, pàápàá àwọn tí máàkì wọn ti kéré tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ka ìtàn ògo nìkan ò rí irú rẹ̀.

Torí náà, ẹ fi aago wo fídíò kẹ́ ẹ tó mú un. Nínú ìṣẹ́jú 3, ó kéré tán kí ìṣẹ́jú 1 wà níbẹ̀ tá a ti rí iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ìwé tí wọ́n pa rẹ́, ohun tí wọ́n ń dán wò tó bà jẹ́, ìgbà kẹta tí wọ́n tún un ṣe, ìbéèrè tí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìyà fún ìṣẹ́jú àáyá 20, orin fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ife ẹ̀yẹ, ẹ fi sílẹ̀. Orin yẹn ni wọ́n máa rántí.

---

ÀgbàTíṣà:
Gbogbo èyí dáa, àmọ́ ẹ má fi ìwádìí pa nǹkan tó ń wọni lọ́kàn. Ẹ wo ti Derek Redmond níbi ìdíje Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, eré 400 mítà tó kángun sí àṣekágbá. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já lórí ìré, ó ń fẹsẹ̀ kan tiro lọ, bàbá rẹ̀ já wọ pápá, ó fi èjìká gbé e, wọ́n jọ rìn dé ìlà ìparí. Kò tó ìṣẹ́jú 5. Kí la tún ń wá?

---

Adúrótọmọ:
Ẹ̀gbọ́n wa ÀgbàTíṣà, mo júbà. Fídíò yẹn dáa, ìbéèrè tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn ni kò dáa. "Ẹ ò rí i pé bó o bá sapá, wàá borí" kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Redmond ò borí. Nínú èsì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò parí eré, torí pé wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè gba ìrànlọ́wọ́ lójú gbogbo ayé láìtijú, ẹ̀kọ́ yẹn sì ṣọ̀wọ́n nínú fídíò kóríyá. Ìbéèrè ojú pátákó á wá jẹ́: "Ta lo lè ké sí bí iṣẹ́ bá le, kí lo sì máa kọ́kọ́ sọ fún un?" Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 náà á yí padà: kálukú á kọ ohun kan tí kò yé e, tójú ń tì í láti béèrè, láìkọ orúkọ, á jù ú sínú páálí. Ẹ fa mẹ́ta yọ, kẹ́ ẹ dáhùn wọn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kù, ẹ dáhùn wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí; bẹ́ ẹ bá gbàgbé wọn sínú páálí, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ nígbà kejì.

Nǹkan míì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: bàbá wà nínú fídíò yẹn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ wo fídíò látòkèdélẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì ro ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ mọ ohun tó ń là kọjá. Bí ikú, jàǹbá tàbí ìjà inú ilé bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ṣáájú ní gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọrùn fẹ́ni tó bá fẹ́ jáde. Ẹ fi iṣẹ́ rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó má bàa di ohun àpéwò. Bí iná bá ń ṣẹ́ fìrìfìrì nínú fídíò ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má fi hàn rárá. Ó lè gbé gìrì dìde fẹ́ni tó ní wárápá tí ìmọ́lẹ̀ ń fà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn fídíò aláàbọ̀ ara. Stella Young, akọ̀ròyìn ará Ọsirélíà tóun náà ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2014 pé òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun kì í ṣe ohun èlò tí àwọn tára wọn dá ṣáṣá á máa fi tu ara wọn nínú. Ọmọ aláàbọ̀ ara tó wà ní kíláàsì ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́. "Bí ẹni tí kò lọ́wọ́ bá lè kọ̀wé, ẹ̀yin ńkọ́?" Èébú ni fún un, ìtìjú ni fáwọn tó kù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù sì rèé: kí fídíò parí, kí olùkọ́ wá fi ṣe ìbáwí. Bẹ́ ẹ bá ti ní "ẹ ò rí ọmọ yẹn bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí yìí…", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ẹni inú fídíò. Ẹ má sì ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Lásìkò yẹn, ìbàlẹ̀ ọkàn ni wọ́n nílò, kì í ṣe ìgbóná ara.

---

ÀgbàTíṣà:
Mo gbà. Ìbéèrè inú páálí yẹn, mo mú un.

---

Ṣọ́ọ̀kìFunfun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Kí lẹ máa ń rí tó ń bà á jẹ́? Kí lẹ sì lè ṣe fún kíláàsì tí projector ò ní lè dé?

---

Onífídíò:
Ohùn ló máa ń bà á jẹ́, àwòrán kì í sábà ṣe é. Bó bá jẹ́ wáyà VGA lẹ fi so laptop mọ́ projector, ẹ rántí pé àwòrán nìkan ni VGA ń gbé. Inú laptop lohùn á ti máa jáde, ọmọ 45 ò sì lè gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ HDMI, ohùn náà á gba inú wáyà lọ sí projector, sípíkà kékeré inú rẹ̀ ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ wá sípíkà tó ń lo iná, ẹ fi wáyà oníhò 3.5 mm so ó mọ́ laptop, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà ohùn, kẹ́ ẹ yan sípíkà dípò HDMI. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò níwájú àwọn ọmọ. Bluetooth ṣeé lò, àmọ́ ohùn lè máa rìn lẹ́yìn ẹnu, ó sì lè já láàárín fídíò.

Ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò kíláàsì. Kí fáìlì ti wà nínú laptop, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fílàṣì. MP4 tí wọ́n fi H.264 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀) ṣe ni kẹ́ ẹ lò, torí tẹlifíṣọ̀n àti laptop tó ti pẹ́ lè má ka H.265, ìyẹn ọ̀nà tó tẹ̀ lé e. Ní 720p, bó bá ń lo megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò ìṣẹ́jú 3 á tó nǹkan bíi MB 45. HandBrake, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yí fídíò padà, lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú tẹlifíṣọ̀n lẹ máa ki fílàṣì bọ̀, èyí tí wọ́n ṣètò sí FAT32 (orúkọ tẹ́ ẹ máa rí bẹ́ ẹ bá ń format fílàṣì) ló sábà máa ń kà láìyọnu, kó ṣáà má ṣe sí fáìlì kan tó tó GB 4.

Ẹ fi VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, wò ó. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ (ohun tí wọ́n ń sọ, tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán) ní fáìlì SRT, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò kẹ́ ẹ sì fi méjèèjì sínú àpò kan, VLC á gbé e jáde fúnra rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí dandan, kódà bí èdè náà bá yé wọn, torí ariwo kì í tán ní kíláàsì, ọmọ tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn kì í sì í sọ. Ẹ lọ jókòó síbi àga tó kẹ́yìn pátápátá kẹ́ ẹ kà á. Bẹ́ ẹ bá ní láti fún ojú pọ̀, ó kéré jù. Ẹ fi aṣọ bo fèrèsé tó kọjú sí ògiri tí àwòrán ń hàn sí. Kò pọn dandan kí gbogbo yàrá ṣú. Ẹ pa gbogbo ìfitónilétí orí laptop, kẹ́ ẹ sì dá fídíò náà dúró sí ìṣẹ́jú àáyá kejì kí wọ́n tó wọlé.

Lórí gígùn: Philip Guo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìgbà mílíọ̀nù 6.9 táwọn èèyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò lọ́dún 2014, wọ́n sì rí i pé fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ làwọn èèyàn ń dúró wò jù. Fídíò ẹ̀kọ́ nìyẹn o. Ti kóríyá tí iṣẹ́ máa tẹ̀ lé gbọdọ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Kọ̀wéSílẹ̀:
Níbi tí projector ò lè dé: ẹ fi fóònù kan fún ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ ẹ bá ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí ohùn wá láti inú fóònù kan ṣoṣo tó ní sípíkà, kí àwọn tó kù pa tiwọn. Bí fóònù náà ò bá sí, ẹ tẹ àwòrán mẹ́rin jáde látinú fídíò (ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó yíwọ́, ohun tó yí padà, ibi tó dé), kẹ́ ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, kẹ́ ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fúnra yín. Ìtàn tí olùkọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ lè wọni ju fídíò lọ, a kì í ṣáà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ tún yẹ ìtàn wò kẹ́ ẹ tó fi hàn, torí irọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. "Einstein kùnà ìṣirò" kì í ṣòótọ́: òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti mọ calculus, ẹ̀ka ìṣirò tó ga, dunjú kóun tó pé ọmọ ọdún 15. Ìtàn lẹ́tà tí wọ́n ní ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pé orí Edison, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ò pé, tí ìyá rẹ̀ wá yí kà fún un bíi pé ìyìn ni, àhesọ lòun náà. Edison sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun fetí ara òun gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ, òun ló sì lọ sọ fún ìyá òun. Bí ọmọ kan bá wá a lórí fóònù tó rí i pé irọ́ ni, kò ní gba fídíò tẹ́ ẹ bá tún mú wá gbọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó jìjàkadì lóòótọ́, ẹ mú Wilma Rudolph, sárésáré ará Amẹ́ríkà: àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ṣe é ní kékeré, ó wọ irin lẹ́sẹ̀ fọ́dún mélòó kan, ó sì gba góòlù mẹ́ta níbi Òlíńpíìkì Róòmù lọ́dún 1960. Àmọ́ ẹ wá èyí tó fi ìtọ́jú àti ìdánrawò tó wà láàárín méjèèjì hàn.

Ti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́: YouTube ò gbà kéèyàn wa fídíò jáde àfi níbi táwọn fúnra wọn bá ti pèsè àyè rẹ̀ tàbí tí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda. Bẹ́ ẹ bá ń wá fídíò níbẹ̀, ẹ lè lọ sí Filters kẹ́ ẹ yan Creative Commons, ìyẹn ìwé àṣẹ tí oníṣẹ́ fi yọ̀ǹda káwọn ẹlòmíràn lo iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn. Bí ìwé àṣẹ bá ní NC, ẹ má fi pawó. Bó bá ní ND, ẹ má gé e ṣe tuntun kẹ́ ẹ wá pín in kiri. Àwọn àsọyé TED, BY-NC-ND ni tiwọn (BY ni pé kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín).

---

ÀgbàTíṣà:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí tàwọn olùkọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣi í ṣe jù.

Ẹ má fi fídíò olùkọ́ akọni han olùkọ́ tó ti rẹ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀: ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n wá fi omijé dá lọ́lá níkẹyìn. Ohun tí àwọn tó jókòó máa gbọ́ ni pé "ẹ̀yin ò tíì ṣe tó". Bí ohun tó ń da wọ́n láàmú bá jẹ́ iṣẹ́ tó pọ̀ jù tàbí owó tí kò wọlé, fídíò ò lè tún un ṣe, ẹgàn ló máa dà lójú wọn. Edward Deci àti Richard Ryan ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun mẹ́ta ló ń mú kí iṣẹ́ wu èèyàn látinú wá: kó ní òmìnira láti yan bó ṣe máa ṣe é, kó máa rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kó sì rí i pé òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ wà nínú rẹ̀. Fídíò ìpàdé gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí pàdé.

Àpẹẹrẹ kan tó rọrùn. Mary Budd Rowe rí i nínú ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń dúró kó tó bá ọmọ dáhùn tàbí kó pe ẹlòmíràn. Bí olùkọ́ bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn ń gùn sí i, ọmọ púpọ̀ sí i ń dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, "mi ò mọ̀" sì ń dín kù. Ẹ wá fídíò ìṣẹ́jú 2 tí olùkọ́ kan ti ń dúró báyìí. Ẹ fi hàn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kejì, kí àwọn olùkọ́ máa fọkàn ka ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín sí méjìméjì, kí ọ̀kan béèrè, kí èkejì ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni àgbàlagbà lára gan-an ni, ẹ̀rín á sì sọ. Kí kálukú lọ gbìyànjú rẹ̀ ní kíláàsì kan péré lọ́sẹ̀ náà. Ní ìpàdé tó kàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fídíò tuntun. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ lè bọ́ sórí ohun tí Elizabeth van Es àti Miriam Sherin ṣèwádìí rẹ̀: kí olùkọ́ mélòó kan máa pàdé láti wo fídíò kíláàsì ara wọn. Kì í ṣe láti dájọ́. "Kí lọmọ yẹn sọ? Kí lẹ rò pé ó ń rò lọ́kàn?" ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa bi ara yín, kì í ṣe "kí ni olùkọ́ ṣe tí kò dáa". Ẹni tí wọ́n ń wò ló máa yan ibi tí wọ́n máa wò, fáìlì ò sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣírò ìgbéga. Lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi kíláàsì rẹ̀ hàn mọ́.

---

Onífídíò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ilé-ìwé ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kíláàsì kan ṣájú ni "ẹni bíi tèmi" tí Ojúlarí ń sọ, kò sì jìnnà. Ìṣẹ́jú àáyá 90 tó. Ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ṣòro fún ọ, kí lo gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, kí lo wá yí padà? Ẹ má yọ ìbéèrè kejì. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má ka á látinú ìwé, torí ohùn ìwé kíkà máa ń hàn.

Ẹ fi fóònù sùn ní ìbú, 1080p, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ gbé e lé nǹkan tí kò ní mì. Kí ọmọ náà kọjú sí fèrèsé. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji lẹ máa ká. Ẹ pa fáànù. Ẹ fi fóònù kejì gba ohùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu rẹ̀, lábẹ́ ibi tí kámẹ́rà ò rí. Kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó sọ̀rọ̀, ìró yẹn lẹ máa fi mú ohùn àti àwòrán bára mu. Kí òbí fọwọ́ síwèé kẹ́ ẹ tó ká a, kí ìwé náà sì sọ ibi tí fídíò máa dé: kíláàsì nìkan tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kó àwọn tó gba ipò kìíní nìkan jọ. Ọmọ tó ti 30 bọ́ sí 52 wúlò ju ẹni tó ti ń gba 95 látilẹ̀ lọ.

---

Ṣọ́ọ̀kìFunfun:
Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

---

Akọ́niNíṣirò:
Ẹ má ka ìpàtẹ́wọ́. Ẹ yan ohun méjì tó ṣeé kà: iye iṣẹ́ àṣetiléwá tó wọlé nínú 45, àti iye ọmọ tó gbìyànjú ìbéèrè tó le jù, yálà wọ́n gbà á tàbí wọn ò gbà á. Ẹ kà á fún ọ̀sẹ̀ 2 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì yí nǹkan míì padà láàárín ìgbà náà. Bí kíláàsì méjì bá wà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi fídíò hàn wọ́n ná.

Ẹ má retí òkè. Ìwádìí tí David Yeager àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2019, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, lo ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò tó wákàtí kan láti sọ fún wọn pé ọpọlọ ń lágbára sí i bá a bá ṣe ń lò ó. Máàkì àwọn tí máàkì wọn kéré gòkè ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá póìǹtì GPA kan (máàkì tí góńgó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4), ó sì pọ̀ jù níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń fara mọ́ kéèyàn gbìyànjú ohun tó le. Ó kéré, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá ń fi ẹni tó gbìyànjú ṣẹ̀sín, fídíò yín ò ní lè dá nǹkan kan ṣe.

---

Ṣọ́ọ̀kìFunfun:
Ó yé mi. Ètò wa rèé: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Ajé mọ́. Fídíò ìṣẹ́jú 3, ìbéèrè kan, ìdákẹ́jẹ́, méjìméjì, gbólóhùn "bí… màá…", ká wá fi iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 kádìí rẹ̀ kí aago tó lù. Tàwọn olùkọ́, ìdúró ìṣẹ́jú àáyá 3 la máa kọ́kọ́ mú.

---

Akọ́niNíṣirò:
Ẹ gbé iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 yẹn ṣáájú gbólóhùn náà. Bí aago bá lù lójijì, gbólóhùn ṣeé kọ nílé, iṣẹ́ yẹn ò ṣeé gbé lọ. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ àṣetiléwá láti ọ̀sẹ̀ yìí, kí fídíò àkọ́kọ́ tó dé.